Ìdajì Ìtọ́jú

Àbúrò ló gun kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kọ lu ògiri, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n lé kúrò nílé-ìwé. Bí ẹgba ṣe ń dún lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, àbúrò dúró síbẹ̀, ó panu mọ́. Báyìí ni ẹ̀gbọ́n ṣe di káfíńtà, tí àbúrò di tíṣà. Àwọn méjèèjì ti darúgbó, ṣùgbọ́n ìbínú Káfíńtà kò darúgbó.

Ilé ìtọ́jú àgbà kan náà ni wọ́n ń lọ. Níbẹ̀, wọn kì í fi oògùn nìkan tọ́jú arúgbó. Wọ́n á fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á bójú tó oúnjẹ wọn, wọ́n á kó wọn rìn yí ọgbà ká, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á jókòó sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Níbi ìjókòó yìí ni Tíṣà ti ń jọba. Bó bá ti lanu, nọ́ọ̀sì á bú sẹ́rìn-ín, àwọn ìyá arúgbó á máa pàtẹ́wọ́. Itọ́ á korò lẹ́nu Káfíńtà. "Ìwé tó yẹ kí n kà ló ń kà sí wọn létí yẹn," ló máa ń sọ nínú ara rẹ̀.

Ìrìn nìkan ni Káfíńtà ti ń borí àbúrò rẹ̀, ìrìn nìkan ló sì mú. Kò jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní oògùn ń mú ẹsẹ̀ òun wúwo, ó pa á tì. Kódà, òfìfo ikùn ló ń gbé wá kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ ti lo oògùn àárọ̀ yìí?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Ṣé oògùn ló máa bá mi rìn ni?"

"Oògùn, oúnjẹ, ìrìn, ọ̀rọ̀ sísọ, ọmọ ìyá ni wọ́n, bàbá. Ọ̀kan ò lè dá iṣẹ́ ìyókù ṣe."

"Ọmọ ìyá!" Káfíńtà yínmú. "Mo mọ ohun tí ọmọ ìyá ń fojú ẹni rí."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Tíṣà ń fi ọ̀pá tẹ̀lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o."

"Rọra fún ara rẹ! Èyí kì í ṣe ìwé kíkà."

Kò tíì dé igun ọgbà tí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ó fẹ́ ṣubú. Tíṣà ju ọ̀pá nù, ó gbá a mú, àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ gbì.

Wọ́n gbé Káfíńtà sórí àga láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ojú nọ́ọ̀sì yí padà.

"Bàbá, bẹ́ ẹ bá tún ṣubú báyìí, ẹ lè má dìde mọ́. Kí ló dé tí ẹ̀ ń kọ ìtọ́jú?"

Káfíńtà fi ẹnu júwe àbúrò rẹ̀. "Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí Tíṣà. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ dìde lórí àga rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rọra kúnlẹ̀ níwájú àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ ọ̀gá," ló wí, tí gbogbo ilé gbọ́. "Wọ́n na ẹ̀gbọ́n mi, mo dákẹ́. Wọ́n lé wọn, mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ṣe é."