Ìwé Tí A Ń Ṣí Láti Ẹ̀yìn

Bàbá Tam pa ìwé náà dé, ó rọra tì í padà sórí tábìlì, ó sì dìde. Kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò dé ìdajì. Helen ọmọ rẹ̀ bi í ní èdè Ṣáínà pé kí ló dé, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ ni bàbá ń wá ní tirẹ̀. Ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó tẹrí ba fún Sìkírátù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bọ́ síta sínú oòrùn Houston.

"Kí ni wọ́n sọ?" Sìkírátù béèrè.

Ojú ti Helen. "Wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Wọ́n ní ìwé yìí kì í ṣe tàwọn."

Sìkírátù kì í ṣe ẹni tí í tètè gbà pé òun ṣe àṣìṣe. Láti ìgbà tó ti kàwé gboyè nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tó sì ṣí ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sí àdúgbò Westchase, ohun tó bá dáwọ́ lé ni í yọrí. Lọ́dún 1986 tí epo rọ̀bì kò níyì mọ́, tí iṣẹ́ ẹnjiníà sì bọ́ lọ́wọ́ Mùsílíù ọkọ rẹ̀, ó ní kó wá máa bá òun yí ẹ̀rọ, kò sì jẹ́ kó fajú ro. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ epo tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn ti kógbá sílé. Ìwé Bàbá Tam nìkan ló kù. Bí bàbá bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, wọn óò ti ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé náà pa nìyẹn.

Iṣẹ́ tó gbayì sì ni. Ta ni kò mọ Bàbá Tam láàárín àwọn ará Ṣáínà? Láti kékeré ló ti ń bá ọ̀gá kan tó jẹ́ ayàwòrán ní ìlú Canton lọ tàdáwà lórí òkúta. Nígbà tí ogun dé, òun àti ọ̀gá rẹ̀ sá lọ sí Hong Kong, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìtàn àwọn oníkọ́ńfú sínú ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn èèyàn ń háyà kà lẹ́bàá títì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kí Bàbá Tam tó dé, ńṣe ni àwọn oníjà inú ìwé máa ń dúró gbagidi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Òun ló ya ìkúùkù tí òǹkàwé fi ń yẹrí. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọ̀gá, àwọn náà ti ní ọmọ iṣẹ́. Nígbà tó darúgbó, Helen mú un wá sí Houston, ó sì wá ń wù ú kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà mọ́ rí iṣẹ́ òun kà ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ibi tí tiwa parí sí ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Veronica, tó ní ilé ìtàwé kan ní ìlú Katy nítòsí Houston, tó sì ti ṣèlérí láti bá wọn tà á, ní kò sí ará Amẹ́ríkà tó máa ra ìwé tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Sìkírátù ló dọ́gbọ́n sí i. Ó dojú fíìmù tí wọ́n ya àwọn àwòrán náà sí dé kó tó tẹ̀ wọ́n, tí ohun tó wà lọ́tùn-ún fi bọ́ sósì bí ìgbà téèyàn bá wo dígí, lẹ́yìn náà ló wá lẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti òsì sí ọ̀tún wẹ́rẹ́. Ó fi ọgbọ́n yìí yangàn títí ó fi sú Mùsílíù.

"Sìkírá, bóyá kí o kàn lọ bẹ̀ wọ́n," ni Mùsílíù wí nígbà tí Helen lọ tán.

"Ẹni tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lé lórí, Bàbá Bísọ́lá? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó bí wọn nínú."

Lọ́jọ́ kejì, ó wakọ̀ gba òpópónà ńlá tí wọ́n ń pè ní freeway lọ sí àdúgbò Greenspoint, níbi tí bàbá àti Helen ń gbé. Ó gbé àpótí tí àwọn àwòrán náà àti ìwé tó tẹ̀ wà nínú rẹ̀ sápá ọ̀tún, ó wúwo bí òkúta. Ọwọ́ òsì ló fi gbé àpò ọsàn, torí wọn kò kọ́ ọ nílé pé kó lọ kí àgbàlagbà lọ́wọ́ òfo. Helen ṣílẹ̀kùn. Bàbá fúnra rẹ̀ dìde wá pàdé rẹ̀. Sìkírátù kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na ọsàn sí i, ẹnu rẹ̀ sì ti yára ju ọpọlọ rẹ̀ lọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá, ọwọ́ òsì ni o."

Yorùbá ló fi sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ilé náà. Helen bi í pé kí ló sọ. Sìkírátù rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì pé nílé àwọn, èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Bí ọ̀tún kò bá ráyè, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà kí wọ́n má baà pè é ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Helen túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Bàbá Tam kò gba ọsàn. Ó ń wo Sìkírátù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó sọ̀rọ̀, Helen sì túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní, ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

"Wọ́n ní kí ẹ wá ṣí ìwé yín."

Helen bá a yọ ìwé náà látinú àpótí, ó ṣí i. Ojú ewé tí ọ̀dọ́mọkùnrin oníkọ́ńfú ti ń kí ọ̀gá rẹ̀ àgbà nídìí tíì ni bàbá fẹ́. Bàbá fúnra rẹ̀ di ìkúùkù ọ̀tún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bò ó, ó gbé e sókè àyà. Báyìí la ṣe ń kí alààyè, ó ní. Ó yí ọwọ́ padà, ọ̀tún wá bo òsì. Ibi òkú la ti ń kí báyìí. Ó tọ́ka sí ìwé náà: ọ̀tún ló bo òsì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wù gbogbo wọn. Etí apá òsì ló yẹ kó bo ti ọ̀tún lórí àyà, àyàfi bí wọ́n bá ń wọṣọ fún òkú.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo yà síbẹ̀ yẹn," ni Helen ń túmọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Wọ́n ṣì ń mu tíì lọ́wọ́, ẹ ti wọ aṣọ òkú fún wọn." Lẹ́yìn náà ló sọ ti ara rẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀. Wọn ò sọ fún mi rí."

Ojú ti Sìkírátù gan-an. Àwòrán yìí kan náà ló ti ń wò látọjọ́ yìí. Ọmọ tó ń fi òsì gbé tíì fún àgbà kún inú ìwé náà. Ká ní ọmọ tirẹ̀ ló dán an wò, yóò ti gbọ́ ìbáwí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ara rẹ̀ ló ń wò, kò rójú wo ọwọ́ wọn.

"Bàbá, èmi ni mo ṣe é," ó wí. "Kì í ṣe Helen, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ tà á. N óò tún un tẹ̀ bí ẹ ṣe yà á. Láti ẹ̀yìn ni wọn óò ti máa ṣí i."

"Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà ò ní mọ̀ ọ́n ṣí."

"Wọ́n máa kọ́ ọ. Ìgbà tí mo dé Houston, ṣé mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọ freeway ni? Mo kọ́ ọ." Ó gbé àpótí sílẹ̀. "Nǹkan kan ni mo fẹ́ tọrọ. Ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí lódì, ẹ bá mi ya nǹkan kan síbẹ̀ tó máa dá wọn padà."

Helen túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Tam ronú lọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló wá fi ọwọ́ méjèèjì gba ọsàn.

Veronica bá a jiyàn lórí fóònù pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní tà. Sìkírátù ní bó bá ní òun ò fẹ́ ẹ, òun óò pàtẹ rẹ̀ síwájú ilé ìtẹ̀wé fúnra òun. Veronica mí kanlẹ̀, ó ní kó kó díẹ̀ wá ná. Mùsílíù kùn pé àwọn tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo pléètì ìtẹ̀wé látorí ìkíní, ṣùgbọ́n ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè kó tó kùn tán.

Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí Helen gbé àwòrán tí bàbá ṣèlérí wá. Mùsílíù ló kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín sì gbé e ṣánlẹ̀. Obìnrin dúdú kan tó wé gèlè ló dúró nínú rẹ̀, tàdáwà wà lára épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ya ẹsẹ̀ bí akọni oníkọ́ńfú, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró.

"Ìwọ rèé, Sìkírá. Wo ojú rẹ."

Sìkírátù kò tíì wo ojú. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ wò. Ọ̀tún ni. Òsì ti ká sẹ́yìn, bàbá ti fi í pamọ́ fún un.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwòrán náà fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣọ́ra o, Bàbá Bísọ́lá," ó wí. "Ẹ má dojú fíìmù rẹ̀ dé."