Kàlẹ́ńdà Màmá Sulabha

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé ẹrù Màmá Sulabha tó wà lẹ́yìn àga?"

Mipọ̀sí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ nígbà tó bèèrè. Olúfúnṣọ́ ọkọ rẹ̀ ń mu tíì, kò gbójú sókè.

"Kàlẹ́ńdà àtijọ́ yẹn? Mo ti dà wọ́n sí bíìnì ìta. Òrìṣà olórí erin ló wà níwájú wọn, Ìyá Ìdùnnú. Nínú ilé àdúrà!"

Màmá Sulabha, ìyá arúgbó ará India tí ilé rẹ̀ fara kan tiwọn ní Clondalkin nílùú òyìnbó, ló fi wọ́n pamọ́ sọ́dọ̀ Mipọ̀sí lọ́jọ́ tí páìpù bẹ́ nílé rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ọgbọ̀n ọdún ni, gbogbo rẹ̀ lédè Marathi, èdè ìbílẹ̀ ìyá náà. Ìyá náà ti ṣí wọn hàn án rí: bí wọ́n ṣe ń se oríṣiríṣi oúnjẹ àti egbòogi ikọ́ wà lẹ́yìn ojú ewé, àti lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi pẹ́ńsù kọ: ọjọ́ tí gáàsì tán, ọjọ́ tí ọmọ hu eyín.

"Ti ọdún 1998 ńkọ́?" ni Mipọ̀sí wí. "Ọdún yẹn lọkọ rẹ̀ kú. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ìrántí òkú, kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Ojú ewé oṣù tó kú, tí wọ́n tẹ ọjọ́ òṣùpá sí, ló máa ń wò kó tó mọ̀ ọ́n. Ìrántí ọ̀hún sì ti dé tán!"

"Ọjọ́ òṣùpá wà lórí fóònù."

"Ṣé orí fóònù lọkọ rẹ̀ kọ̀wé sí? Bàbá Ìdùnnú, ẹrù ẹlẹ́rù lẹ dà nù! Ọlọ́run tí mò ń sìn kò rán yín."

"Kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, kí ló tún wúlò fún?"

Gbólóhùn yẹn ló bu epo síná. Lára ògiri ni kàlẹ́ńdà ọdún 2009 wà, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà ìsìnkú ìyá Olúfúnṣọ́: ìyá náà nínú gèlè, "Ó sùn nínú Olúwa," oṣù méjìlá lábẹ́ rẹ̀. Ilé mẹ́ta ni wọ́n ti gbé e káàkiri. Mipọ̀sí yọ ọ́ lórí ìṣó.

"Kí lo fẹ́ fi màmá mi ṣe?"

"Ọdún rẹ̀ ti kọjá. Bíìnì ló ń lọ."

"Mipọ̀sí!"

Kò pè é lórúkọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akólẹ̀ ń dún bọ̀ ní ìkóríta.

Olúfúnṣọ́ fi sílípáàsì sáré jáde sínú òjò. Láti ojú fèrèsé, Mipọ̀sí rí i tó ki orí bọ bíìnì, tí akólẹ̀ kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ kò ṣe é.

Nígbà tó wọlé, ẹrù náà wà lápá rẹ̀, ó ń kán tótó. Ó fa ti ọdún 1998 yọ lábẹ́ ẹ̀wù, gbígbẹ, ó sì nawọ́ sí kàlẹ́ńdà ìyá rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Mipọ̀sí wí. "Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù ẹlẹ́rù lọ fún Màmá Sulabha, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ibi tí ẹ ti ṣà wọ́n."

"Kí n wí fún àgbàlagbà pé inú bíìnì…"

"Inú bíìnì."

Ó jáde. Mipọ̀sí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kàlẹ́ńdà lábíyá, ó ń tẹ́tí. Ìgbà tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ níwájú ilé kejì, "Màmá, èmi ni mo dà wọ́n nù," ló tó wọlé, tó sì fi ìbínú gbé ìyá ọkọ rẹ̀ padà sórí ìṣó.