Ohun Tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Wí Nípa Sùdáànì

Òkò tí a sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òwe yìí ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn Àmọ̀kẹ́ bó ṣe ń sáré gba etí ọ̀sà lọ sílé Bàbá Ògúntádé, ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá Owólabí, ẹ fọ̀bẹ sílẹ̀ o!” ni Àlàbí apẹja ké láti ẹnu ọ̀nà. “Sùdáànì ni sójà wà, kì í ṣe Ọ̀jọ́!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àmọ̀kẹ́ ju ọ̀bẹ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lọ́dún 1958, ni asọ̀rọ̀mágbèsì kéde pé àwọn sójà ti gbàjọba ní Sùdáànì. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, Dáúdà, wà. Ó ti dé Mẹ́kà, ó ń gba orí ilẹ̀ bọ̀ wálé, ni egbò ẹsẹ̀ dá a dúró ní Kàtúùmù. Ará Ìbà kan tí wọ́n jọ rìn ló mú ìròyìn bọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni àkọ́bí wọn, Owólabí, fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó, kí ó gba Kánò lọ gbé bàbá rẹ̀ wálé. Ó ti dúró lágbàlá Bàbá Ògúntádé, àpò léjìká.

Bàbá Ògúntádé, akọ̀wé tẹligíráàmù tó ti fẹ̀yìn tì, nìkan ló ní rédíò ládùúgbò. Òun ló ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo wọn. Òyìnbó inú rédíò sọ̀rọ̀, ó sọ, ó sọ, bí òjò tí kò fẹ́ dá. Nígbà tó ṣe, bàbá pa rédíò.

“Ó ní ìlú tòrò. Àwọn ọ̀gá sójà ló ń ṣèjọba báyìí.”

“Àwọn àlejò ńkọ́, bàbá?” Àmọ̀kẹ́ bi í.

“Ọlọ́run kò ní fi wá sílẹ̀.”

“Àmín,” ni gbogbo wọn dáhùn.

Owólabí wá dọ̀bálẹ̀. “Màámi, ẹ súre fún mi kí n máa lọ.”

Àmọ̀kẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí. “Owólabí, ọmọ Dáúdà, ọmọ ò-tukọ̀-má-rì, ọmọ a-gba-ojú-ìjì-délé. Ọ̀nà tó o bá lọ, ọ̀nà náà ni wàá bá bọ̀. Ọlọ́run…”

Bàbá Ògúntádé wúkọ́. “Ọmọ mi,” ni ó wí pẹ̀lẹ́, “ọkọ̀ kì í tán ní Ìdó. Sinmi ná.”

Àdúrà gé mọ́ Àmọ̀kẹ́ lẹ́nu. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Òun náà ni bàbá fi ka tẹligíráàmù fún Adébímpé, aládùúgbò wọn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Jọ́ọ̀sì. “Ara rẹ̀ kò le díẹ̀, tètè lọ wò ó,” ni bàbá wí, bí àgbà ti í fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ ikú. Adébímpé sì se ẹja tútù, ó dì í dáadáa, ó gbé e wọkọ̀ lọ fún ẹni tí wọ́n ti sin. Gbogbo Ọ̀jọ́ ló yin bàbá pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ̀kẹ́ náà yìn ín.

Ó wo ojú bàbá. Bàbá ń wo ilẹ̀. Àlàbí pàápàá ti ṣí fìlà lórí. Àánú ni wọ́n fi yí i ká báyìí, àánú tó nípọn tí kò jẹ́ kó ríran.

Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

“Bàbá, ẹ má ṣe mí bí ẹ ti ṣe Adébímpé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bí òyìnbó yẹn ṣe sọ ọ́.”