Ère Tó Kúnlẹ̀ ní Gbàgede

Ẹ ti fura pé Ọ̀gá Àgbà kò ní í borí nínú ìtàn yìí. Ẹ ò ṣìnà. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta kọ ìwé láti fi hàn pé gbogbo òkúta tó wà ní olú-ìlú ló ń yin Olúwa, tó wá lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ iwájú ìwé náà, ti sọ ìdajì ìtàn fún yín kí n tó la ẹnu. Ohun tó kù ni bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òun ni olórí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ère àti ohun ìrántí ìjọba. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà náà ni ní ọ́fíìsì, nítorí kò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ohun ìrántí lè fi ọdún márùn-ún kún ọdún iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá gba àbá kan ṣoṣo tó gbé wá: kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí ìdí ère Bàbá Orílẹ̀-èdè, ọkùnrin olókùúta tó kúnlẹ̀ láàárín gbàgede, kí òun sì jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ náà. Ọdún márùn-ún yẹn ló ń wá. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ògo Ọlọ́run ló ní òun ń wá.

Ìwé rẹ̀ kò fi ibì kankan sílẹ̀. Afárá tó wọ ìlú ní òpó méjìlá. Àpọ́sítélì méjìlá nìyẹn. Ẹnjiníà tó ń tún afárá náà ṣe gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, odò yẹn ló fẹ̀ tó òpó méjìlá."

"Ta ló mú kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹnjiníà padà sídìí afárá rẹ̀.

Aago ńlá tó wà lórí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti kú sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Wákàtí tí Olúwa jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n wá tún aago náà ṣe. Orí tábìlì Ọ̀gá Àgbà ni lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà.

Agbẹ́-òkúta tí yóò gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà wá bá a ní ọ́fíìsì pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti pẹ́ńsù tó há sẹ́yìn etí.

"Ẹ wò ó, ọ̀gá mi. Ìdí ère yẹn ò lè gbà ju ìlà márùn-ún lọ. 'Ó kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run, orílẹ̀-èdè sì dìde.' Ìlà méjì nìyẹn."

"Ó ku mẹ́ta. Ó tó."

"Orúkọ yín ńkọ́? Alàgbà, Ọ̀mọ̀wé, Jagunjagun Ìgbàgbọ́, Olórí Àgbà, kó tó wá kan orúkọ gan-an. Ìlà mẹ́rin lẹ̀yin nìkan."

"Ẹ dín lẹ́tà kù."

"Ti yín?"

"Ti òkè."

"Ti Ọlọ́run, sà?"

"Ọlọ́run ń ríran dáadáa. Àwọn èèyàn ni kò ríran."

Agbẹ́-òkúta yọ pẹ́ńsù létí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun ló rò ó.

Nílé, ìyàwó Ọ̀gá Àgbà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ère yìí nídìí oúnjẹ, ó ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, ó sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ti bi ẹnì kan tó mọ̀ nípa ère yìí?"

"Kí n bi í ní kí ni? Ọkùnrin kúnlẹ̀, ó tẹrí ba. Kí ló tún kù?"

"Ẹ̀yin náà kúnlẹ̀ lánàá, ẹ tẹrí ba. Awò ojú yín lẹ ń wá lábẹ́ àga."

Ọ̀gá Àgbà ní àwọn obìnrin kì í lóye ohun ìrántí.

Àmọ́ obìnrin ni alága ìgbìmọ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní Tíṣà. Òun ló rán Ọ̀gá Àgbà létí òfin ìgbìmọ̀ náà, èyí tó ti wà ṣáájú gbogbo wọn: wọn kì í gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára ohun ìrántí kankan àfi bí ẹlẹ́rìí tó wà láàyè bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i níwájú ìgbìmọ̀. Ìwé kò tó. Àwọn tó ṣe òfin náà ti ka ìwé rí.

"Alàgbà, a ti gba ìwé yín. Ẹlẹ́rìí yín dà?"

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi wá a. Ẹni tó gbẹ́ ère náà ti kú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣì wà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní yàrá méjì lókè ilé àwọn alágbàfọ̀. Ọ̀gá Àgbà mú onífọ́tò dání, ó gun àtẹ̀gùn, ó jókòó láti aago mẹ́wàá títí di aago méjìlá, ó sì ṣàlàyé ọkọ Màmá fún Màmá.

"Ọkọ yín rí ìran, Màmá."

"Hẹn."

"Ẹ̀mí ló bà lé e tó fi gbẹ́ orúnkún yẹn."

"Hẹn-ẹn?"

"Ó mọ̀ pé orílẹ̀-èdè tí kò bá kúnlẹ̀ kò lè dìde."

"Ẹ ò ní í mu omi?"

Ẹ̀ẹ̀kan ni Màmá la ẹnu láti sọ tirẹ̀. Ọ̀gá Àgbà na ọwọ́ sókè kíá. "Ẹ fi í pamọ́, Màmá! Ẹ fi í pamọ́ de ọjọ́ ìpàdé, kó lè jẹ́ tuntun létí wọn." Onífọ́tò ya ọwọ́ náà.

Ọmọ Màmá sìn ín dé ẹnu àtẹ̀gùn.

"Ẹ má bínú sà, ẹ ò bi wọ́n ní nǹkan kan."

"Ọmọ mi, ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe ń mi orí ni?"

"Gbogbo ẹni tó bá ń pariwo ni wọ́n máa ń mi orí fún, sà."

Ṣùgbọ́n ó ti dé ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, yàrá kún. Àwọn akọ̀ròyìn wà níbẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ló pè wọ́n. Agbẹ́-òkúta wà lẹ́yìn pẹ̀lú okùn ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ti òpó afárá bọ́ sí aago, ó ti aago bọ́ sí orúnkún, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó ti pinnu pé yóò bọ́.

"Alàgbà, ẹ jókòó," ni Tíṣà wí. "Ẹlẹ́rìí la fẹ́ gbọ́."

"Gbólóhùn kan péré ló kù, Mà."

"Ẹ mú un jókòó."

Màmá dìde, ó fi ọwọ́ ti tábìlì. Tíṣà bi í léèrè.

"Màmá, ṣé ẹ mọ ìdí tí ọkọ yín fi gbẹ́ ère yìí lórí ìkúnlẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń di okùn ìwọ̀n mú fún un."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni?"

Ọ̀gá Àgbà ń mi orí sí i látorí àga rẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní orin.

"Onígbàgbọ́ ni ọkọ mi. Kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ láìgbàdúrà. Ṣùgbọ́n ère tó dúró ni ìjọba ní kó gbẹ́, ó sì ti yà á sórí ìwé. Òkúta tí wọ́n wá já sílẹ̀ fún un ló kúrú. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ló fi dín."

Ọ̀gá Àgbà fò dìde.

"Ṣé kò gbàdúrà lórí òkúta náà ni, Màmá? Ẹ sọ fún wọn pé ó gbàdúrà!"

Màmá yíjú sí i.

"Ó gbàdúrà, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi gbàdúrà pé kí wọ́n gbé òkúta mìíràn wá. Wọn ò gbé e wá."