Kí Mubeenah Tó Jẹun

Ohun tí Tíṣà Dèbórà kọ́kọ́ rí ni ìka ọmọ náà. Mubeenah na ìwé ìṣirò rẹ̀ sí i, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó funfun bí ẹja tó ti pẹ́ nínú omi, òórùn javel tí wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí sì ń jáde lára rẹ̀ bíi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Dèbórà bi í pé kí ni wọ́n ń fọ̀ nílé wọn tó le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní kì í ṣe ilé àwọn, ilé Músíọ̀ Octave ni.

Octave ni alábòójútó ilé-ìwé, òun ló sì di kàǹtínì mú. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá ní, ọ̀fẹ́ ló yẹ kó máa jẹun níbẹ̀. Dèbórà fúnra rẹ̀ ló mú Mubeenah lọ bá a nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, nítorí ó rí i pé omi ẹ̀rọ lọmọ náà ń mu yó bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹun. Àṣé ọwọ́ ológbò ló fi ẹja lé.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà sọ ọ́. Ní gbogbo Ọjọ́rú, ọjọ́ tí kò sí ẹ̀kọ́, òun àti àwọn ọmọbìnrin méjì míì máa ń lọ sílé Octave ní àdúgbò Marcory. Wọ́n á fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á fọṣọ, wọ́n á tu ìyẹ́ adìẹ. Èyí tí kò bá wá, kò ní rí àwo oúnjẹ rẹ̀ gbà ní Ọjọ́bọ̀. Dèbórà bi í bóyá ọkùnrin náà ti fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ó ní rárá.

Dèbórà bá lọ sí yàrá àwọn tíṣà, ó sọ ọ́ fún Hervé tí wọ́n jọ ń kọ́ni. Àtíékè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni Hervé ń jẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọn létè.

"Mo rò pé o mọ̀ ni," ló wí.

Ó ń jẹun lọ, ó ń ṣàlàyé pé ó sàn ju kí wọ́n máa rìn kiri ọjà, pé ọmọ tálákà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan kì í wá lásán. Dèbórà ń wo ẹnu tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, kò dúró kó parí rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, ó wọ takisí lọ sí Marcory. Àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀ yí ọpọ́n kan ká nínú àgbàlá, pátá àgbàlagbà ọkùnrin ló kún inú rẹ̀. Octave jókòó lórí àga ike, ó ń ta eyín.

"Iṣẹ́ ilé ni mò ń kọ́ wọn," ló wí. "Ṣé ìwọ ò gbálẹ̀ fún tíṣà rí ni?"

"Oúnjẹ tó jẹ́ tiwọn lo fi ń rà wọ́n," Dèbórà dáhùn. Ó yíjú sáwọn ọmọ náà. "Ẹ dìde."

Wọn ò dìde. Octave ni wọ́n kọ́kọ́ wò lójú, bóyá ó gbà. Èyí ló bí Dèbórà nínú ju ọpọ́n lọ. Ó fà wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó mú àwọn ọmọ méjì yòókù délé wọn, ó wá mú Mubeenah lọ bá bàbá rẹ̀, Oyèwọlé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní àdúgbò Koumassi. Octave ti sọ fún un pé ẹ̀kọ́ àfikún lọmọ ń wá gbà. Oyèwọlé gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkùnrin yẹn," ló wí. "Mo tún ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kí Ọlọ́run bá mi san án fún un."

Ó tutọ́ sílẹ̀.

Òun àti Dèbórà ló jọ lọ bá Madam Pauline, ọ̀gá ilé-ìwé. Ìyẹn ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó parí sínú ilé, nítorí orúkọ ilé-ìwé. Ìgbà tí Dèbórà ní ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ lòun ń lọ tààrà ni Madam Pauline tó gba kàǹtínì lọ́wọ́ Octave. Àwọn obìnrin tó ń dáná ló ń bu oúnjẹ báyìí, gbogbo ọmọ ló ń tò sórí ìlà kan, ẹnikẹ́ni kò béèrè ẹni tó sanwó. Ṣùgbọ́n wọn ò lé Octave. Ẹnubodè ni wọ́n gbé e sí, ibẹ̀ ló ti ń kí Dèbórà láràárọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, bíi pé ọ̀rọ̀ kékeré kan lásán ló ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Dèbórà máa ń kọjá lọ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó lọ wo àwọn ọmọ nídìí oúnjẹ. Mubeenah jẹ tirẹ̀ tán, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Dèbórà gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ ṣeré.

"Ṣé mo ṣì máa jẹun lọ́la, Madam?" ni ọmọ náà béèrè.

Ó ní yóò jẹun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó rí i pé ọmọ náà kò gbà á gbọ́.