Á Gba Ibi Ire

Ọwọ́ Sàníù ti wọ inú abọ́ omi kí Roheem tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun. Birikilà ni Roheem. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ẹ̀bà wà níwájú rẹ̀, ẹja kan ṣoṣo sì dùbúlẹ̀ sínú ọbẹ̀ ata. Ohun tí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa máa ń sọ ló sọ nígbà tó rí àgbàlagbà tó ń bọ̀: "Bàbá Tíṣà, ẹ wá jẹun o." Ó ń retí kí wọ́n ní á gba ibi ire, bí gbogbo èèyàn ṣe ń wí, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ṣùgbọ́n Sàníù ní, "O ṣeun, Roheem," ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì jókòó.

Ó bu òkèlè. Ó pín ẹja sí méjì, ó mú apá ìrù, nítorí pé orí ẹja kò bá eyín rẹ̀ mu mọ́. Roheem kàn ń wò ni. Fàdìlàt ìyàwó rẹ̀ ti gbé ata lọ sí ọjà Ṣáṣá láti ìdájí, ohun tó sì fi sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n jọ ń jẹ yìí.

Wọ̀bìà kọ́ o, ẹ má fi ìyẹn pe Sàníù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì sí abúlé yìí, ní ẹ̀yìn Mọníyà. Làákàyè ló kó bá a. Télọ̀ kan ṣèlérí fún un pé aṣọ Iléyá rẹ̀ á jáde ní Ọjọ́bọ̀. Ìgbà tí wọ́n jẹ ẹran àgbò tán, tí wọ́n fọ ìkòkò, ni aṣọ tó jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tó ń ronú. Ó rò ó títí ó fi rí òfin kan: kí èèyàn tó ṣe ohunkóhun, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé bí gbogbo ayé bá ń ṣe báyìí ńkọ́? Bí gbogbo télọ̀ bá ń fi Ọjọ́bọ̀ tanni, ta ni yóò tún gba Ọjọ́bọ̀ gbọ́? Bí gbogbo ayé bá sì ń pe ara wọn wá jẹun, tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá, kí ni ìpè náà wúlò fún? Ẹni tó bá pe òun, òun á jẹ́ ìpè náà. Bí òun bá kọ̀, àfi bíi pé òun ka onítọ̀hún sí òpùrọ́. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún Roheem yẹn o. Roheem ni kò mọ̀.

Àwọn ọmọ abúlé ti sọ ọ́ ní Bàbá Bí-Gbogbo-Ayé.

Bẹ́ǹṣì méjì ló wá yá lọ́wọ́ Roheem láàárọ̀ náà. Àwọn àna ń bọ̀ láti Ẹgbẹ́dá ní ọ̀sán ọjọ́ náà láti wá tọrọ Zubaidah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fún Lateef ọmọ wọn. Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀, kí Sàníù tó jáde, ó kúnlẹ̀ fún un. "Bàbá Zubaidah, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi òfin yín lé ọkọ ọmọ mi lọ." Sàníù sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé òótọ́ kì í lé ọkọ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń ba obìnrin náà lẹ́rù.

Roheem ní òun á gbé àwọn bẹ́ǹṣì náà wá lẹ́yìn ìrun Àílà. Sàníù dúpẹ́, ó fọ ọwọ́, ó sì kọjá sí ilé Títíladé láti yá abọ́ tánganran. Ìyá Kérúbù ni Títíladé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣínu ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀kọ mẹ́rin àti mọ́ínmọ́ín méjì ló wà níwájú rẹ̀. Òun náà ní kí Bàbá Tíṣà wá jẹun, ó sì di ojú láti gbàdúrà sí oúnjẹ. Àdúrà Kérúbù kì í sì í kúrú. Sàníù ń ṣe àmín fún un tọkàntọkàn, ó sì ń jẹ́ ìpè lọ. Nígbà tí obìnrin náà lajú, mọ́ínmọ́ín kan àti ẹ̀kọ kan ló kù nílẹ̀.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé oríta. Sanmí ọlọ́kadà rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó yára kó àkàrà gbígbóná sábẹ́ fìlà rẹ̀, ó sì dìde kí i pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Òróró ń ṣàn bọ̀ létí rẹ̀ bó ṣe ń kí i. Láti ibẹ̀ dé ilé, ilẹ̀kùn ni Sàníù ń gbọ́ tó ń tì lọ́tùn-ún lósì. Nínú ara rẹ̀, ó ní òfin òun ti ń ṣiṣẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò fi ìpè tanni mọ́. Síbẹ̀, títí tó fi wọlé, kò sẹ́ni tó kí i láti ẹnu ọ̀nà, èyí sì dùn ún díẹ̀.

Àwọn àna dé, àwọn méje. Roheem ti gbé bẹ́ǹṣì kan wá, ó ti padà lọ gbé ìkejì. Wọ́n kíra, wọ́n ṣàdúrà, Mùjíbátù sì gbé ìrẹsì àti adìyẹ kalẹ̀, ó bu ti Sàníù sí iwájú rẹ̀. Alájì Ishaq, bàbá Lateef, mú ṣíbí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àna wa, ẹ jẹ́ ká jẹun."

Sàníù wo ìrẹsì náà. Ẹ̀bà ń bẹ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ẹ̀kọ wà lórí ẹ̀bà, mọ́ínmọ́ín sì ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Kò lè gbé ṣíbí.

Ìyá Ishaq, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbé ṣíbí tirẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù rí i, wọ́n gbé tiwọn náà kalẹ̀. Arúgbó náà ní, "Ṣé baálé ilé ò níí jẹ nínú oúnjẹ tó fún wa ni?"

Gbogbo wọn ló mọ ohun tó ń bèèrè. Zubaidah wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ti ki etí ìborùn bọ ẹnu. Ìgbà náà ni Mùjíbátù já lu ọ̀rọ̀ náà, ó ní ààwẹ̀ ni Bàbá Zubaidah ń gbà. Ara tu àwọn àlejò. Ishaq ní máṣàláà, ó tún na ọwọ́ sí ṣíbí rẹ̀. Ó ti parí. Ohun tí Sàníù ní láti ṣe kò ju kó dákẹ́ lọ.

Ó wo ìyàwó rẹ̀, àánú obìnrin náà sì ṣe é gidi. Ó wá ronú pé bí gbogbo bàbá ìyàwó bá ń dákẹ́ báyìí ńkọ́?

"N kò gbààwẹ̀," ló wí.

Mùjíbátù di ojú. Sàníù sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, láìfi ọ̀kan pamọ́: ti télọ̀, ti òfin, ti ẹ̀bà Roheem. Nígbà tó dé orí àdúrà Títíladé, tó ní ẹ̀kọ mẹ́ta àti mọ́ínmọ́ín kan ni òun jẹ kó tó lajú, arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹun jàre," ó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ fi májèlé pa wá ò níí jókòó máa ka iye ẹ̀kọ tó jẹ fún wa."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Roheem gbé bẹ́ǹṣì kejì wọlé lórí. Òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Sàníù wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó ṣírò ohun tó kù sínú abọ́ ẹ̀bà yẹn lẹ́yìn tí òun dìde.

"Roheem, wá jẹun."

"Á gba ibi ire o, Bàbá," ni Roheem wí. Ó wo àwọn àlejò, kò wo adìyẹ. Ó gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kí àwọn àna dáadáa, ó sì bọ́ sẹ́yìn ilé.

Ebi ń pa á. Sàníù mọ̀, àwọn àlejò kò sì mọ̀, nítorí pé Roheem kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ta ló kọ́ ọ ní òfin yẹn? Sàníù kò tíì rí i lábẹ́ máńgòrò kankan rí.

Ó tọrọ gáfárà, ó gbé abọ́ ìrẹsì tirẹ̀ tòun ti itan adìyẹ, ó bá Roheem lẹ́yìn ilé ìdáná. Kò pè é wá jẹun mọ́. Ó kàn gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́ ni. Roheem jókòó, ó bu ṣíbí kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sẹ́nu kí ahọ́n rẹ̀ tó tún yọ.

"Bàbá Tíṣà, ẹ wá jẹun o."

Ló bá fi ọwọ́ kejì bo itan adìyẹ náà.

"Á gba ibi ire o, Roheem," ni Sàníù dáhùn.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo bí oúnjẹ náà ṣe ń lọ. Kò mọ iye ìgbà tó ti sọ gbólóhùn yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n kò rántí pé òun fẹ́ kí oúnjẹ ẹnikẹ́ni gba ibi ire ní tòótọ́ rí, àfi ti òní yìí. Ó yẹ gbólóhùn náà wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, ó ń wá irọ́ nínú rẹ̀. Kò rí.