Ìyálé Tí Kò Fẹ́ Ẹ̀bẹ̀ Mọ́

Ọkọ̀ náà ti wà nílé kí ìyàwó tó dé. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ń pè é ní ìyálé, kò sì fi ṣe àwàdà. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò jí láàárọ̀, á yọjú láti fèrèsé ilé ìdáná, á ní, "Kí ni ìyálé mi wí?" Bàbá Nọ́ọ̀sì á dáhùn pé, "Ó ní òun ń bọ̀."

Kò sí ẹlòmíràn tó lè jí i. Bàbá Nọ́ọ̀sì, tó fi gbogbo ìgbà agbára rẹ̀ wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, nìkan ló mọ orin tó ń jó sí. Á fa ṣóòkù, ìyẹn ọ̀pá tó ń dín atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì kù, jáde dé ìdajì. Á tẹ iná, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń pe epo, á tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni tó ń lé eku. Á fọwọ́ nu dáṣíbọọ̀dù, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dójú tì mí lójú ọmọ." Ìgbà náà ló tó máa yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà mìíràn ọkọ̀ á gbọ́. Nígbà mìíràn á ní kó tún ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó ń wí yẹn ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù tó wà lódìkejì ìlú. Bọ́ọ̀sì kì í tètè kọjá, nítorí náà bàbá rẹ̀ ló ń gbé e lọ, ó sì ń pẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ti bá a sọ̀rọ̀ kíkan. Ní báyìí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, èyí ló sì burú jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe mẹ́káníìkì kó wá fọ kábúrétọ̀ yẹn."

"Kí ló ṣe kábúrétọ̀?"

"Ó dọ̀tí. Epo kò rí ọ̀nà gbà dé inú ẹ́ńjìnnì."

"Ìdọ̀tí yẹn ló dì í mú. Tá a bá fọ̀ ọ́, kí ló kù?"

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. "Họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ní yàrá kan. Wọ́n ní kí n mú èsì wá lọ́jọ́ Ajé. Tí ọkọ̀ bá ń ṣe báyìí, màá kó lọ síbẹ̀ ni."

Ìyá rẹ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró. Bàbá rẹ̀ bu omi mu, ó mu ún tán, ó tún gbé ife òfìfo náà sẹ́nu.

"Kò sí mẹ́káníìkì tó máa fọwọ́ kan ọkọ̀ mi," ó ní. "Èmi ni màá fọ̀ ọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé tábìlì ìjẹun jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Orí ibi tá a ti ń jẹun?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo tẹ́ nǹkan sí i."

"Aṣọ ibùsùn mi lẹ tẹ́ sí i."

"Ó ti gbó."

"Èmi náà ti gbó. Ṣé ẹ ó tẹ́ mi ni?"

Kábúrétọ̀ náà kò tóbi ju àgbọn lọ, àmọ́ ìdọ̀tí ara rẹ̀ tó ti odindi ilé. Bàbá Nọ́ọ̀sì tú u wẹ́wẹ́, ó ń to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde, kí ọ̀kankan má baà gbàgbé ọ̀nà ilé. Nínú kòtò kékeré tí epo máa ń dúró sí, ẹrẹ̀ pupa ti dì. Bọ́ọ̀lù tó ń léfòó níbẹ̀, tó yẹ kó máa sọ fún epo pé ó tó, ti há sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìwọ náà ti fẹ̀yìn tì," ó sọ fún un.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti epo fọ gbogbo rẹ̀ nínú abọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wá ku àwọn jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ìṣó kúkúrú tí ihò wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tí epo ń gbà kọjá lọ pàdé atẹ́gùn. Wọn kì í ti wáyà bọ̀ ọ́, torí wáyà á fẹ ihò náà lójú. Ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Bó bá ṣorí kunkun, wọ́n á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ́ ọ.

Ó fẹ́ àwọn tó tóbi, wọ́n là. Ó gbé èyí tó kéré jù sójú oòrùn, ó di ojú kan. Ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló rí.

Ó jókòó. Bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á sàn díẹ̀, á ṣì máa ṣe agídí díẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì máa wá bàbá. Bó bá là á pátápátá, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọwọ́ á lè jí i. Ọmọ rẹ̀ ní ọwọ́ méjì àti ìwé ìwakọ̀. Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ìdí ọkọ̀ yìí láàárọ̀ ni ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ láyé.

Ìyàwó rẹ̀ wá gba abọ́ rẹ̀. "Ṣé ó ti mọ́?"

"Ó kù díẹ̀."

"Èló ni díẹ̀?"

"Ìdajì."

Ìyá Nọ́ọ̀sì wo ohun kékeré tó wà láàárín ìka rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀. "Ọmọ yẹn ti ń ká aṣọ sínú báàgì," ó ní. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Bàbá Nọ́ọ̀sì gbìyànjú láti dá jẹ́ẹ̀tì náà padà sáyè rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Lẹ́nu gbogbo iṣẹ́ tó ṣe, kò dá ọkọ̀ padà ní ìdọ̀tí rí, títí kan èyí tí wọ́n fi kó adìẹ. Ó já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó tọ́ ihò náà, ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó rí róbótó.

"Ó ti parí," ó ní. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó ti fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ìyẹn pépà tí kì í jẹ́ kí epo jò, sí i, tó sì ti dè é padà, wọ́n pé yí ọkọ̀ ká bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ó fa ṣóòkù. Ó tẹ iná léraléra. Ó nu dáṣíbọọ̀dù, ó bẹ̀ ẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀ ẹ́, ó tún wúkọ́. Òórùn epo gba gbogbo àgbàlá.

"Ìyálé ń bínú," Ìyá Nọ́ọ̀sì wí.

"Bàbá, ẹ ti fi epo bọ́ ọ yó jù," ọmọ náà wí. "Gbogbo èyí tí ẹ ń tẹ̀ yẹn ló ń wọlé báyìí. Ẹ dákun, ẹ bọ́ sílẹ̀ ná."

Wọ́n dúró kí epo gbẹ. Ọmọ náà wọlé, kò fa nǹkan kan, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Nọ́ọ̀sì fi rò pé ó ti tún kú, ó sì lọ tẹ́ etí sí i.

"Kò tiẹ̀ kí yín," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ó dára," ó ní, ní ohùn ẹni tó ń dá àwọn abánikẹ́dùn lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wẹ̀, ó dé fìlà bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ ti jókòó sídìí ìwakọ̀.

"Bàbá, ẹ lọ sùn."

"Mo ti sùn."

Ó gba iwájú ọkọ̀ yípo, ó wọlé lódìkejì. Kò jókòó síbẹ̀ rí. Àga náà le ju tirẹ̀ lọ.

Ọmọ náà wakọ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, àfi pé kì í bọ̀wọ̀ fún kòtò. Bàbá fẹ́ bá a wí, ó gbàgbé, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé ọ̀nà náà ní ẹ̀gbẹ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé kan wà, ọkùnrin kan ń fọ eyín lókè rẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ilé yìí?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó wọ iléèwé, Bàbá."

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, wọn ò tíì ṣí géètì. Ọmọ pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n jókòó.

"Họ́sítẹ́ẹ̀lì ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn," ó ní.

Bàbá rẹ̀ wò ó. "Fèrèsé rẹ̀ kéré."

"Ó kéré." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Báwo lẹ ṣe máa padà sílé?"

"Màá wọ bọ́ọ̀sì."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀sì wà lọ́la náà."

Ọmọ náà wo iwájú. Ó ní tí wọ́n bá ti ṣí géètì, òun máa lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi yàrá náà fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rí ọkọ̀ tó dúró, ó sáré wá, ó kan gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ta ni aláìsàn?"

"Kò sí aláìsàn," Bàbá Nọ́ọ̀sì wí. "A tètè dé ni."

Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì lẹ́nu rẹ̀. Ó yí gíláàsì wálẹ̀ tán, ó sì tún un sọ fún ọkùnrin náà.